Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Bàtà

Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn ni obìnrin nọ́ọ̀sì kan wo àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lójú láàárín èrò, tó ní, "Ẹni tí kò bá wa gbé aláìsàn ti wá bá wa gbé òkú."

Káfíńtà ni àbúrò náà. Láti ọjọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan láàárín wọn, "ìwọ" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà gbáko ni obìnrin náà sì fi jù ú lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, onílé ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá kó ẹrù ìyá wọn kúrò ní yàrá òkè, nítorí ayálégbé tuntun ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ó di dandan kí wọ́n pàdé. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, àga àti ìkòkò sínú ọkọ̀ akẹ́rù káfíńtà láìsọ ju "gbé e" àti "rọra" lọ. Ó wá ku kọ́bọ́ọ̀dù ńlá.

"Màá tú u," káfíńtà wí, ó ti na ọwọ́ sí àpò irinṣẹ́.

"O ò ní tú nǹkan kan. Odidi ni bàbá gbé e wọlé, odidi ló máa jáde."

"Irọ́. Títú ló wọlé, o ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ mọ abẹ́rẹ́ ní gígún, èmi mọ igi."

"Ká ní o mọ igi ni, ò bá ti kan àga tí màmá bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi kú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára dé egungun. Ó ju àpò irinṣẹ́ sílẹ̀. "Ó dáa, gbé e. Ojú ẹ máa tó rí tó."

Bó ṣe wí náà ló rí. Ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, kọ́bọ́ọ̀dù há gádígádí. Káfíńtà wà nísàlẹ̀, ó fi èjìká gbà á dúró. Nọ́ọ̀sì wà lókè, kò rí ọ̀nà kọjá.

"Tì í sókè!"

"Ìwọ fà á! Ṣé gbogbo ènìyàn lo rò pé ó wà ní wọ́ọ̀dù tí o ti ń pàṣẹ ni?"

"Ó sàn kí n pàṣẹ fún aláìsàn ju kí n sá fún un lọ."

Onílé yọ nísàlẹ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ti ha ògiri mi! Aago méjìlá ni mo sọ. Àbí ìyá yín ò kọ́ yín ni?"

"Ẹ fi ìyá wa sílẹ̀ o!" Àwọn méjèèjì ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Pé ohùn wọn ṣọ̀kan tún wá bí nọ́ọ̀sì nínú. Ó fi ìbínú fa kọ́bọ́ọ̀dù, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbàà, bàtà dúdú kan já bọ́, ó ba káfíńtà lórí, ó sì balẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà bàbá wọn ni, bàbá tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá.

Káfíńtà wò ó. Kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ti òsì ni. Olódo yẹn náà ni."

Nọ́ọ̀sì ti ya ẹnu láti bú u. Ẹ̀rín ló jáde.

Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí àwọn òbí wọn bá ti lọ síbi iṣẹ́, gbogbo bàtà ilé ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n ni tíṣà, àbúrò ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Sálúbàtà màmá ló máa ń gba ipò kìíní. Bàtà òsì bàbá kò mọ ohun kan. Ọdún mẹ́rin ló lò ní kíláàsì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n á nà án, àbúrò á máa bá a bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí bàbá ń wá a lọ síbi iṣẹ́?" káfíńtà béèrè lábẹ́ ẹrù. "Tẹ́ ẹ tì í mọ́nú àpótí, tẹ́ ẹ ní ó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì gbọ́ "ẹ" náà. "Ìwọ lo lọ bá bàbá, tí o ní kí wọ́n mú sùúrù, pé ó dìgbà tó bá mọ ìṣirò kó tó jáde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kọ́bọ́ọ̀dù fi ń mì. Onílé wò wọ́n bí àwọn tí orí wọn dàrú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, káfíńtà kọjú sí pákó tó wà níwájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìgbà tí mo wá kẹ́yìn, màmá bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi padà mọ́."

Nọ́ọ̀sì pa ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dé. "Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pe èmi, lójoojúmọ́. Mo sì ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Ó dáa, tú u, kí ẹ̀yìn ẹ tó kán."

Nọ́ọ̀sì lọ mú àpò irinṣẹ́ wá, ó nà án sí i láti òkè. Káfíńtà tú u ní pákó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbà á. Nínú ọkọ̀, wọ́n jà lórí ọ̀nà tó yá, wọ́n tún jà lórí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé nọ́ọ̀sì, obìnrin náà kò tètè sọ̀ kalẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì ilé wa nígbà tá a wà ní kékeré," ó ní, "èyí tí irùngbọ̀n ẹ̀ jóná. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Káfíńtà pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ jókòó dáadáa," ó ní. "Irùngbọ̀n yẹn kò ṣàdédé jóná."