Agolo Òrí tí Mo Gbé Lọ sí Edinburgh

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò ní Edinburgh. Bí ẹ bá gbé mi sọ̀ síbẹ̀ lónìí, mo lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé olódi tó wà lórí àpáta títí dé ààfin ọbabìnrin wọn ní ìsàlẹ̀, n kò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ilé ọmọ mi nìkan ni n kò mọ̀.

Ní ọdún 1996 ni Moyinọlá ọmọ mi kọ lẹ́tà sí mi láti ibẹ̀ pé òun ti bí obìnrin, kí n máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wo ló máa ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé wọ́n ń pe òun wá wẹ ọmọ ni? Mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ungwan Romi, ní Kàdúná. Mo kó kàn-ìn-kàn-ìn, mo kó ọṣẹ dúdú. Alimat, aládùúgbò mi tó máa ń pọn Moyin nígbà tó wà ní kékeré, fúnra rẹ̀ yọ́ òrí, ó sẹ́ ẹ, ó rọ ọ́ sínú agolo, ó fi ọ̀rá bò ó lẹ́nu, ó sì fi òwú pupa so ó.

"Màmá, èyí ni kẹ́ ẹ máa fi pa á lára láràárọ̀," ló wí. "Wallahi, òtútù ibẹ̀ ò ní rí i gbéṣe."

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni Moyin ti pàdé mi, ilé àlejò ló sì gbé mi lọ tààrà. Ó ní ilé àwọn kéré, ìyá ọkọ òun tó jẹ́ òyìnbó sì wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ! Òyìnbó yẹn ń wẹ ọmọ, èmi tí mo bí ìyá ọmọ ń sùn nílé àlejò. Inú bí mi gan-an.

Láràárọ̀ ló ń dé pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́. Ó fi ilé olódi hàn mí, ó fi àgbá tí wọ́n ń yìn ní aago kan ọ̀sán hàn mí. Ó fi ère ajá kan hàn mí. Ìlú náà lẹ́wà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ògiri ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe? Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mo wá wò.

Ọjọ́ karùn-ún ló tó gbé e wá bá mi, níbi tí wọ́n ti ń ta tíì. Mo gbà á, mo gbóòórùn orí rẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe mú agolo òrí jáde nínú báàgì, Moyin gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Mummy, please. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan tí òun ò mọ̀ pa á lára."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi wo aago tó sì gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo padà dé Kàdúná, ilé mi kún. Bàbá Oyèdélé, alága ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́kọ́ wọlé.

"Sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀, Ìyá Moyin! Ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Láràárọ̀ ni," mo ní. "Mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Òrí mi ńkọ́?" Alimat béèrè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó ti tán. Moyin ní kí n kí ọ gan-an."

Wọ́n ní kí n mú fọ́tò wá. Wọ́n rí èmi àti ilé olódi, èmi àti àgbá, èmi àti ajá. Kò sí ọmọ níbẹ̀.

"Haba!" Bàbá Oyèdélé bú sẹ́rìn-ín. "Ajá lẹ lọ wò ni?"

"Wọ́n ní ọdún mẹ́rìnlá ni ajá yẹn fi dúró ti sàréè olówó rẹ̀," mo dá a lóhùn. Mo fẹ́ẹ̀ bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn, mo bá ní kí Alimat bá mi mú bísíkíìtì wá nínú àpótí mi ní yàrá.

Ó ti wọlé kí n tó rántí. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú àpótí, agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú pupa wà bó ṣe so ó gan-an. Kò wo ojú mi.

"Alimat, kí lo ń wá títí?" Bàbá Oyèdélé pariwo láti pálọ̀.

Ó ti agolo náà bọ abẹ́ hìjáàbù rẹ̀, ó dìde.

"Ẹ̀bùn tí Moyin fi ránṣẹ́ sí mi ni mò ń wò, Bàbá."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún Moyin, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, pé ọmọ tó mọ oore ni, pé kò gbàgbé ilé. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Alimat ń kí mi láàárọ̀ bó ṣe máa ń kí mi, ṣùgbọ́n kò béèrè Moyin lọ́wọ́ mi mọ́.