Awọ Ẹja Létí Sípíkà

Òrùka dúdú kan wà lórí àpótí sípíkà apá òsì tí Wagdi kò jẹ́ kí sáńpépà kàn. Gbogbo ara àpótí méjèèjì ló ti fá, tó ti fi epo pa títí igi fi ń kọ mọ̀nà, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dé ìdí òrùka yẹn, á yà kúrò bí ẹni tó rí sàréè lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Galal, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, gbé ìkòkò efinrin lé lọ́dún tí Àlàájì Fahmi bàbá Wagdi kú. Àràárọ̀ ló ń bomi rin efinrin, àràárọ̀ lomi ń jò sára igi.

"Fá a kúrò, jàre," ni Ikram ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ń ba ẹwà ẹ̀ jẹ́."

"N ò fá a. Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí kí ni? Ilé ẹjọ́ wo lo fẹ́ gbé efinrin lọ?"

Wagdi tún da epo sórí àkísà. Orí tábìlì ìjẹun ló ti ń ṣiṣẹ́, Ikram sì ti ń gbé abọ́ ẹ̀wà lé itan jẹun láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-tíì Àlàájì Fahmi ní Anfuṣi, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ni sípíkà méjèèjì ti lo ìgbà wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, apẹja, káfíńtà ọkọ̀ àti ẹni tí kò níṣẹ́ kankan á kóra jọ síbẹ̀. Orin kan ṣoṣo lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí ohùn bá wọ egungun, wọn á ké "Allah!", àgbàlagbà á sì fi aṣọ nu ojú láìtijú. Nígbà tí ilé-tíì kógbá sílé, wọ́n kó àpótí lọ sọ́dọ̀ Àlàájà Nabawiya, àbúrò Àlàájì Fahmi, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti jẹ ẹ̀yà inú wọn run.

Wọn ì bá wà bẹ́ẹ̀ títí ká ní Galal ò ṣí ilé oúnjẹ ẹja díndín sétí òkun. Ó ní òun fẹ́ yọ ìfun àpótí méjèèjì dànù, kí òun to ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú wọn, kí àlejò máa rí nǹkan àtijọ́ wò. Nígbà tí Wagdi gbọ́, bí iná ló rí lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹjọ́ sun Àlàájà Nabawiya, ìyá àgbà sì fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́! Wagdi, gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá kọrin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé-tíì ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì ní Ọjọ́bọ̀ ìparí oṣù, tìẹ ni títí ayé. Bí wọn ò bá kọ ọ́, kí Galal wá kó ìgò sí i."

"Àlàájà, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín," ni Galal wí. "Wagdi tí ò lè tún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe?"

Wagdi fi èyí náà pa mọ́ sínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ efinrin.

Ó tú wọn palẹ̀. Bébà tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, èyí tó máa ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, ṣì le koko. Aṣọ tó yí etí bébà náà ká, tó so ó mọ́ irin, ló ti rún wómúwómú bí búrẹ́dì tó jóná. Ìpẹtà ti kún inú òòfà, wáyà tó wé sídìí bébà sì ń ha irin, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wagdi ká sẹ̀lótéèpù mọ́ páálí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tì í bọ inú àlàfo tó wà láàárín wáyà àti òòfà, ó ń fà á jáde pẹ̀lú ìpẹtà, títí páálí fi ń jáde ní mímọ́.

Etí tuntun ló kù. Ọkùnrin kan ń ta etí onírọ́bà lọ́jà Attarin, ó dára, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n àna Galal ni ọkùnrin náà. Wagdi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìkí i, ó forí lé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ríìkì, ìlù pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń fi awọ ẹja bò, ó sì ra èyí tó fẹ́lẹ́ jù nínú awọ rẹ̀.

"Awọ ẹja?" ni Ikram wí. "Ṣé kí ó máa wẹ̀ ni?"

"Ìwọ máa rẹ́rìn-ín. Ilé-tíì apẹja ló ti wá. Ẹja ni yóò gbé ohùn rẹ̀."

Ó rẹ awọ sómi, ó gé e roboto, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí etí bébà ká. Ní Ọjọ́rú ó fi bátìrì kékeré kàn wáyà wọn. Pọ́! Bébà apá ọ̀tún ta síwájú. Pọ́! Ti òsì náà ta síwájú. Bí ọ̀kan bá ta síwájú tí èkejì fà sẹ́yìn, ṣe ni wọn á máa pa ohùn ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí bára mu bí ẹsẹ̀ ọmọ ogun. Ó so rédíò mọ́ wọn. Ohùn tó jáde kún yàrá dé àjà, ó rinlẹ̀, ó tutù, Ikram sì ju aṣọ ìnuwo sílẹ̀.

"Wagdi! Ó dà bíi pé ọkùnrin inú rédíò yẹn jókòó sórí àga wa!"

Wagdi gbé ìyàwó rẹ̀ yípo. Kò sùn dáadáa; ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Galal ló ń tò lórí ibùsùn.

Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ ni kamsíìnì dé, atẹ́gùn aṣálẹ̀ tó gbẹ bí ọyẹ́ ṣùgbọ́n tó gbóná bí ẹnu ààrò. Ó lé atẹ́gùn òkun padà, ojú ọ̀run pọ́n, ètè ń sán. Wagdi ti fèrèsé, kò sì ro nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àlàájà Nabawiya dé pẹ̀lú téèpù àtijọ́ kan nínú àpò rẹ̀. Galal tẹ̀ lé e, ó ń fi okùn wọn àpótí láti mọ iye ìgò tí yóò gbà. Àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà.

"Ilé-tíì ni wọ́n ti gba ohùn yìí sílẹ̀," ni Àlàájà wí. "N kò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí Fahmi ti kú. Fi sí i."

Wagdi tẹ ẹ̀rọ. Ohùn jáde bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò.

Ó yí bọ́tìnnì sókè. Ẹ̀fọn náà pariwo sí i. Òógùn bò ó. Àlàájà wo ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀.

"Hẹn-ẹn," ni Galal wí, "ó kọrin ni àbí ó ń sunkún?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná ta etí sípíkà. Kén! Ó bú sẹ́rìn-ín. "Awọ ẹja! Ẹ̀yin èèyàn, ó fi awọ ẹja ṣe é! Òmùgọ̀, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ríìkì gan-an mọ̀ pé lọ́jọ́ kamsíìnì awọ á le gbagidi, kò ní lè mì. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ fi ooru omi rọ̀ ọ́..."

Ó gé ètè jẹ. Ó ti pẹ́ jù.

"Ikram!" ni Wagdi ké. "Kẹ́tùlù tíì! Gbé e wá kíákíá!"

Ikram sáré dé, kẹ́tùlù ń hó. Wagdi gbá a mú, ó darí ẹnu rẹ̀ sí sípíkà.

"Má rọ ọ́ sí bébà!" Galal ti dìde. "Wàá bọ̀ ọ́ di ẹ̀kọ! Etí nìkan! Fi ìka yí i ká!"

"Ta ló bi ọ́?"

"Má jáfara, oòrùn ń lọ! Fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún mi!" Galal ti kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tútù pa awọ yíká bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ. Kò rántí ìgò mọ́. Àwọn aládùúgbò ń pariwo, ẹnìkan ń ka oòrùn fún wọn láti ojú fèrèsé: "Ó ku ìdajì! Ó ku ètè rẹ̀!"

Kén di kún. Kún di dùm.

Wagdi tẹ ẹ̀rọ. Ilé-tíì wọlé. Ife ń dún, àga ń ha ilẹ̀, ríìkì bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọmọdé ló ń lù ú, ó ń sáré ó ń ṣeré, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Àlàájì Fahmi, tó nípọn bí oyin: "Galal, ọmọ mi, rọra! Má bá olórin sáré! Wagdi, gbé tíì fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Àlàájà Nabawiya ké "Allah!" tó fi ju ọ̀pá sílẹ̀, àwọn aládùúgbò ké e tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni ladani gbóhùn sókè. Wagdi pa ẹ̀rọ, gbogbo wọn sì dákẹ́ fún ìpè ìrun. Nígbà tí ó parí, Àlàájà nu ojú.

"Ti Wagdi ni."

"Àlàájà, èmi ni mo sọ ọ́ fún un!"

"Ta ló rán ọ?"

Ilé wó fẹ́rìn-ín. Galal náà rẹ́rìn-ín, tìjà tìjà, ó fọwọ́ lé àpótí, ó sì rí òrùka dúdú. "Gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Kí ló ṣe ibí yìí?"

Ọ̀rọ̀ tí Wagdi ti tò láti ọdún pípẹ́ sáré dé ẹnu rẹ̀. "Efinrin rẹ."

"Efinrin wo?"

Wagdi wò ó. Kò rántí. Olóríburúkú yìí kò rántí rárá! Ikram fi aṣọ bo ẹnu, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, tún fi sí i," ni Galal wí jẹ́jẹ́. "Ibi tí wọ́n ti pè mí."

Wọ́n tún fi sí i. *Wagdi, gbé tíì fún ẹ̀gbọ́n ẹ.* Wagdi kùn, ó dìde, ó da tíì láti inú kẹ́tùlù kan náà sínú ife, ó gbé e lé àwo pẹrẹsẹ kó má baà jò, ó sì nà án sí Galal.

"Gbà. Má gbé e lé orí sípíkà o."