Ilé Òfì Inú Páálí

Àsánì gbé páálí kan wọ agboolé àwọn Misturat n'Ísẹ́yìn. Lónìí ni yóò fojú kan bàbá Misturat, ọmọbìnrin tó dùn mọ́ ọn lọ́kàn ju oyin lọ. Bí bàbá bá gbà á, yóò lè máa wá ọ̀dọ̀ Misturat ní gbangba. Bí kò bá gbà á, ó parí nìyẹn.

"Ẹ wá wò ó o! Irùngbọ̀n ti hù, ó ṣì ń fi mọ́tò ṣeré," ni Sodiqat, àbúrò Misturat, wí, ó ń yọjú wo inú páálí.

"Má dá a lóhùn, jàre," ni Misturat sọ fún Àsánì. "Ṣí i."

Àsánì ṣí i. Ilé òfì kékeré ló kọ́ sínú rẹ̀, bí èyí tí bàbá ti ń hun aṣọ òkè. Eruku pupa àti gáàmù ló fi ṣe títì. Agolo mílíìkì ló gé ṣe páànù ilé, ó kun kànrìnkàn, ó di igi. Mọ́tò pupa kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé òfì bàbá gan-an! Igi ìṣáná ni òpó ilé náà, aṣọ òkè gidi sì wà lórí òfì tó wà nínú rẹ̀, aláró tó ní ìlà wúrà.

"Ọmọ yìí mà lọ́wọ́ o," ni Bàbá Misturat, tó ti jáde wá wò ó, wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló fún ọ ní aṣọ yìí?"

Àpẹẹrẹ aṣọ ìyàwó kan ní Ṣakí ni. Ara òpó òfì ni ahunṣọ máa ń so irú rẹ̀ mọ́, kí èyí tó kù láti hun lè bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Àsánì, ọmọ àgbẹ̀ Ìpàpó, kò mọ̀. Níbi tó ti ń dúró de Misturat ló ti tú u, ó ṣe bí àjákù ni.

"Èmi ni mo fún un, Bàbá," ni Misturat sọ, ó kúnlẹ̀.

"Ìwọ! Tí mo bi ọ́, tí o ń búra pé o ò rí i!"

Misturat ń wo Àsánì, ó ń dúró. Àsánì la ẹnu, ó pa á dé. Ta ni yóò fọmọ fún olè? Bàbá ń bínú lọ, Misturat ń tẹrí ba.

"Bùọ̀dá, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀!" Sodiqat ló pariwo.

Ìgbà yẹn ni Àsánì tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Irọ́ ló ń pa nítorí mi, sà. Èmi ni mo tú u."

Bàbá na réésà sí i. "Yọ aṣọ yẹn."

Aṣọ náà ti mu gáàmù yó. Ìlà wúrà já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òpó wó, páànù ṣubú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Lọ́la, a jọ ń lọ sí Ṣakí. Ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ fún ìyá ìyàwó pé aṣọ ọmọ rẹ̀ ò ní bára mu mọ́."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Mo ní o dúpẹ́ ni?"

Misturat dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Kò wo Àsánì. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Àsánì ṣì wà nílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní kó máà dìde. Ojú ló ń tì í.