Ṣíìpù Tí Màámi Sá Lóòrùn

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń fọwọ́ gbá bàámi lórúnkún lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Àwọn ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Múṣin. Ojú wọn ti lọ, wọn ò rí aago mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí aráyé gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe ìrun kí àkókò tó tó, àwọn àgbà sì ti ní tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Màámi ò mọ aago wò. Bí èmi Abdullateef, tí mo kàwé ẹ̀rọ, ṣe di aago ilé nìyẹn.

Ni iṣẹ́ bá dé láti Potakọ́ọ̀tù. Wọ́n ní kí n wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kò burú, n ó ṣe àpótí kékeré kan tí bàámi á máa so mọ́ orúnkún, tí yóò máa gbọ̀n bí àkókò ìrun bá tó. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀: púróṣẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ṣíìpù ìrántí tí mo kọ àkókò ìrun ọdún kan gbáko sí, bátìrì, àti mọ́tò kóńkó tí mo yọ lára rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì.

Ṣíìpù ìrántí yẹn ní fèrèsé díńgí láyà. Tí mo bá fẹ́ pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, oòrùn ni mo ń lò. Mo máa ń ṣí i, màámi á sì bá mi sá a sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata ṣọ̀ǹbọ̀ wọn. Tí mo bá wá kọ tuntun sí i, mo máa ń lẹ bébà dúdú bo fèrèsé náà kí oòrùn má rí i mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo ki ṣíìpù bọ àyè ẹ̀, mo fi wáyà so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ púróṣẹ́sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo so iná bátìrì mọ́ ọn. Kò mira. Mo gbé mítà sí i láti wọn iná ẹ̀: fóòtì márùn-ún pé géérégé. Mo tún yẹ wáyà wò látòkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí. Nígbà tó sú mi, mo yọ ṣíìpù, mo sì rí i pé bébà rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́. Háà! Ẹ̀kọ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ gbígbẹ, pẹ̀lú kóró ata kan lábẹ́ ẹ̀.

“Màámi, ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?”

Wọ́n ń ṣa ata lọ́wọ́. “Èmi ni o. O gbàgbé ẹ̀ sínú agolo, bébà sì wà lójú ẹ̀. Mo ní ó ti rẹ ọmọ mi jù. Ni mo bá ṣí i, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo tún lẹ bébà ẹ̀ padà. Látíìfù, ṣé ó gbẹ dáadáa?”

Yéè, mo gbé! Èmi náà ni mo kọ́ wọn. Àfọwọ́fà mi ni. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú?

“Ó gbẹ, mà.”

Kò sì sí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ ṣíìpù, ti Ẹ̀gbọ́n Bọ́lárìnwá ní Yaba ni. Ọ́fíìsì wọn ti kó lọ sí Àbújá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ̀rọ tẹ̀rọ, tòun ti dísìkì tí mo tọ́jú àkókò ìrun náà sí.

Bàámi ti ṣe àlùwàlá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi. “So ó mọ́ mi, alásárì ti sún mọ́lé.”

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo so àpótí òkú yẹn mọ́ orúnkún wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo tẹjú mọ́ aago ọwọ́ mi. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí àkókò tó, àpótí dákẹ́. Mo fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì.

Bàámi fò dìde. “Ó ṣiṣẹ́! Alihamudulilai! Bí ọwọ́ ẹ gan-an ló rí lára mi. Ó tó gẹ́ẹ́, Látíìfù, ìyà tí o jẹ nítorí mi ti tó. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ.”

Wọ́n fọwọ́ tọ́ ògiri jáde lọ. Láìpẹ́, mo gbọ́ ohùn wọn lórí gbohùngbohùn, ó ròkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mọ̀ǹgàríbí ku wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀. Mo dìde, mo lọ tú ẹrù tí mo ti dì fún Potakọ́ọ̀tù.