Àwọ̀ Kẹrin

Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, bíríkìlà ni Loubaki. Ẹni tó bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, tí ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì ti hu ewú sí i lórí láìtọ́jọ́, lè rò pé kò ní ju ṣòkòtò kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá ti tú ní àdúgbò Bacongo, àwọn ìyàwó ilé á gbé àga síta, wọ́n á ní, "Ẹ sún mọ́hùn-ún jàre, Loubaki ń bọ̀."

Ọmọ ẹgbẹ́ Sápù ni, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó gbà pé Ọlọ́run kò dá àwọ̀ fún ẹyẹ àti òdòdó nìkan. Àgbà kan tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun, Táà Milandou, ló kọ́ ọ bí a ti ń wọṣọ. Táà ni wọ́n ń pe ẹni tó bá tó bàbá ẹni níbẹ̀. Ohun tí Táà Milandou fi ń kọ́ ọmọ kò pọ̀. Á ní, "Àwọ̀ kan, ìkíni ni. Àwọ̀ méjì, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni. Àwọ̀ mẹ́ta, orin ni. Bí o bá ti fi ìkẹrin kún un, ariwo ọjà ló kù." Ẹni tó bá wọ àwọ̀ mẹ́rin láàárín wọn, ó sàn kó wọ aṣọ oorun jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ọtí, Loubaki yóò rìn kọjá níwájú wọn, wọn yóò sì sọ bóyá ó yẹ kí òun náà máa jókòó láàárín wọn. Bí àṣà wọn, ọ̀gá a máa bá ọmọ iṣẹ́ rìn. Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí wọ́n rí ìbọ̀sẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á wá tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kan Loubaki lọ́kàn nìyẹn. Ojú Táà Milandou ti ń ṣú. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti di ìkùukùu lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń to aṣọ sílẹ̀ fún un, àmọ́ ọmọ náà ti lọ tọ́jú abiyamọ ní Pointe-Noire. Bàbá náà sì ti búra lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Ọjọ́ tí mo bá gbé àwọ̀ kẹrin jáde, ọjọ́ náà ni màá ti àpótí aṣọ mi pa, n kò sì ní ṣí i mọ́." Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í yẹhùn.

Nígbà tí Loubaki dé ilé rẹ̀ láti mú un, ó ti múra tán, ó gbé ọ̀pá lọ́wọ́. Kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wù inú rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ funfun, táì rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí ìbẹ́pẹ.

"Táà, ta ló bá yín to aṣọ?"

"Ìyá rẹ ló jí dìde wá tò ó. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Sún mọ́bí kí n wò ọ́." Ó fi ọwọ́ gbo èjìká Loubaki. "Kí lo wọ̀?"

"Kóòtù àti ṣòkòtò funfun, Táà. Ẹ̀wù dúdú, bàtà dúdú. Táì pupa, ìbọ̀sẹ̀ pupa."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ó dùn ún gbọ́ létí. Jẹ́ ká lọ kí Batantou tó mu ọtí gbogbo wọn tán."

Wọ́n wọ takisí. Ìgbà tí wọ́n dé, tí Táà Milandou ń sọ̀ kalẹ̀, gọ́tà wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ó sì fa ṣòkòtò sókè kó lè dá a kọjá. Loubaki wo ìsàlẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ pupa fòò! Ewé, funfun, ìbẹ́pẹ, pupa. Mẹ́rin. Èyí tó tún burú ni pé bí èèyàn bá yọ funfun kúrò, àsíá orílẹ̀-èdè wọn gan-an, aláwọ̀ ewé, ìbẹ́pẹ àti pupa, ló kù. Ó ti ń gbọ́ ohùn Batantou, onígbàjámọ̀ kan lára àwọn àgbà náà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ: "Milandou, ṣé òmìnira la tún gbà lónìí ni?"

Kí ló fẹ́ ṣe? Bó bá sọ fún un, bàbá á yí padà sílé, á ti àpótí pa. Bó bá dákẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àpótí á tún tì náà ni. Àwọn èèyàn sì ti ń pàtẹ́wọ́ bọ̀. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ó bá jẹ́ orí àgbà ló ń wọ́ ńkọ́?

Loubaki tú táì pupa ọrùn rẹ̀. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Táà, ẹ̀yin lẹ sọ mí dèèyàn. Kí n tó rìn lónìí, ẹ gba táì ọrùn mi yìí, òun ni mo fẹ́ kí ẹ wọ̀ wọ agbo."

Ọwọ́ àgbà náà dúró lórí siliki. Ó fi àtàǹpàkò ra á. Lójú agbo, ọ̀gá kì í kọ ẹ̀bùn ọmọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọrùn ẹni tó fún un ṣófo. Ó bọ́ táì tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ Loubaki lọ́rùn. Àwọn obìnrin hó yèè.

Ewé, funfun, pupa. Ọ̀gá ti bọ́. Loubaki wá wo ara rẹ̀: funfun, dúdú, pupa ẹsẹ̀, àti ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọrùn rẹ̀. Ó ti kó sí kòtò tó yọ ọ̀gá rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fò sí ẹ̀yìn takisí.

Awakọ̀ yọ orí síta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ sí mi lára táyà o!"

"Ta ló ń tọ̀? Gbé ojú ẹ sọ́hùn-ún!" Ó fa ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì yọ, ó rún wọn sápò, ó ki ẹsẹ̀ lásán bọ inú bàtà líle, ó sì jáde bí ọba.

Wọ́n rìn. Táà Milandou rọra ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè. Ó dé iwájú àwọn àgbà, ó ká ṣòkòtò, pupa ẹsẹ̀ kí pupa ọrùn, agbo sì mì tìtì. Ó wá kan Loubaki. Ó ká ṣòkòtò tirẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ bíríkìlà ló yọ, tí sìmẹ́ńtì ò jẹ́ kó dán.

Ẹ̀rín bú. Batantou dìde. "Ọmọ Milandou, ajá ló kó o níbọ̀sẹ̀ ni?"

"Rárá, Táà. Mo ka àwọ̀ ara mi, ó pé mẹ́ta. N ò rí àyè fún òmíràn."

Batantou yí i po. Ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo àpò rẹ̀ tó wú, ó wo ẹsẹ̀ Milandou fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí àgbà bá rí níjòókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Ó wá yíjú sáwọn yòókù. "Ẹni tó mọ aṣọ wọ̀ pọ̀ ní Bacongo yìí. Ẹni tó mọ èyí tí yóò bọ́, wọn ò pọ̀. Ẹ fún un ní àga kó tó fi ẹsẹ̀ búburú yẹn dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa."

Bí Loubaki ṣe di àgbà nìyẹn o.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹja yíyan àti ṣikuwáńgì, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé dì, wá, Táà Milandou tẹ̀ sí i létí. "Pupa ni ìbọ̀sẹ̀ mi, àbí?"

"Pupa ni, Táà."

"Mo mọ̀ nígbà tó o gbé siliki lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ọrùn rẹ̀ là á wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ká wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti búra, Loubaki."

"Ojú agbo lẹ ti búra, Táà. Àwọ̀ kẹrin kò sì dé agbo. Ẹ̀bá gọ́tà ló mọ."

Àgbà náà jẹ ẹja, ó rò ó, ó tu egungun dànù. "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tètè wá kí aago ìjọ tó lù. Ìwọ lojú, èmi lọwọ́. Àmọ́ bó o bá sọ fún Batantou, màá fi ọ̀pá yìí là ọ́ lórí."

Bàtà ti gé Loubaki ní gìgísẹ̀ kó tó délé, ó sì ń tiro gba àárín Bacongo kọjá. Gbogbo bó ṣe ń rìn ni àwọn ọ̀dọ́ ń wò. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan jáde pẹ̀lú táì aláwọ̀ ìbẹ́pẹ, wọn ò wọ ìbọ̀sẹ̀, gbogbo wọn sì ń tiro.