Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Ọ̀rọ̀

Kí Oyèṣọlá tó na ọwọ́ láti fà á láṣọ, Bàbá Ọlálérè, olórí abúlé wọn, ti dìde. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀, ó kọjú sí tábìlì iwájú níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sí.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa," ni bàbá wí, "kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, àwa ará Ìdí-Àpáta dúpẹ́. Ẹ fi ibi iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ wá sí Ìlá nítorí tiwa. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe fún wa, ó dára. Ọlọ́run yóò gbè yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, alága ìjókòó náà, rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá padà jókòó, ó ń retí kí wọ́n wá bi òun ní ọ̀rọ̀ gan-an. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa náà nìyẹn. Ta ni yóò dé iwájú àlejò pàtàkì tí yóò kàn já lu ẹjọ́ láìdúpẹ́? Ọmọlúàbí kan ò jẹ́ dán an wò.

Ṣùgbọ́n Oyèṣọlá mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ti gboyè kejì n'Ìbàdàn lórí iṣẹ́ ìjọba, nítorí irú ọjọ́ báyìí gan-an. Olùkọ́ wọn kì í yéé sọ ọ́: níbi ìpàdé tí ìjọba fi ń gbọ́ tẹnu ará ìlú, ẹni tó dákẹ́ ti gbà, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó dúpẹ́. Láti ìgbà tó ti jáde, gbígbẹnusọ fún àwọn ìlú kéékèèké ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ l'Óṣogbo, ó ti sọ̀rọ̀ l'Ábújá níwájú àwọn èèyàn ńláńlá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀. Àwọn tó ń fọ́ òkúta tà fẹ́ gba òkè tó wà lókè abúlé wọn. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò lóṣù tó kọjá, òkúta kan fò, ó dá òrùlé ilé ìwé lu, ó balẹ̀ sórí àga tí Tèmi, ọmọ àbúrò Oyèṣọlá, máa ń jókòó lé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré. Bí ìjọba bá fún wọn láṣẹ lónìí, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa fọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí tẹ̀ sọ́dọ̀ akọ̀wé rẹ̀. "Kọ ọ́ pé olórí abúlé ti gbà lórúkọ gbogbo wọn. Kò sí àtakò. Ó yá, abúlé tó kàn."

Bàbá ò gbọ́. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Oyèṣọlá, ká má purọ́. Bàbá Ọlálérè ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá sílé ìwé n'Ìlá. Ṣé òun Oyèṣọlá ni yóò wá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ lójú ayé? Ẹnu tí ìgbín fi bú òòṣà, òun náà ní í fi í lọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àga Tèmi kò kúrò lójú rẹ̀. Ó rí i pé òun ti dìde, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó dìde.

Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún bàbá. "Ẹ forí jì mí, sà." Ó wá kọjú sí tábìlì. "Ìkíni ni bàbá wa kí yín. Àwa ará Ìdí-Àpáta kò gbà o."

"Háà!" ni obìnrin kan ké lẹ́yìn. "Lójú bàbá ẹ̀? Ìwé ti ba tibí jẹ́ o!"

Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí gbé ojú sókè. "Ṣé o fẹ́ sọ pé bàbá yín ò mọ ohun tí wọ́n sọ ni?"

Bí Oyèṣọlá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bú bàbá rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè ti lọ.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, sà," ló wí. "Ẹ̀yin ni ẹ ò tíì bi wọ́n ní ọ̀rọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí yíjú sí bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fọ́ òkè yẹn?"

"Kí wọ́n fọ́ kí ni?" Bàbá fò dìde. "Lórí àwọn ọmọ wa? Láéláé!"

Wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò wá fojú ara àwọn rí òkè náà kí àwọn tó pinnu ohunkóhun.

Níta, lẹ́bàá àwọn ọlọ́kadà, àwọn ará abúlé ń gba ẹ̀gbẹ́ Oyèṣọlá kọjá láìkí i. Bàbá dá dúró sábẹ́ igi, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù tó ba Oyèṣọlá nínú gbọ̀ngàn kò tó ìdajì èyí. Ó lọ kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò ka ọpẹ́ mi sí pé mo ti gbà?" ni bàbá bi í.

"Mo mọ̀, sà."

"A jọ jẹun lánàá. O ò sọ fún mi."

Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ kọ́ àgbà bí a ti ń kí èèyàn? "Ẹ̀rù yín ló bà mí, sà."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rù tìẹ náà ti ń bà mí," ló wí pẹ̀lẹ́, "láti ìgbà tí o ti dé láti Ìbàdàn. Mo fẹ́ bi ọ́ pé kí ni kí n sọ. Ojú ló ń tì mí."

"Kí wọ́n tó wá wo òkè náà, sà," ni Oyèṣọlá wí lórí ìkúnlẹ̀, "ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ nílé."