Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ àti Awò Bàbá

"Olówó orí mi, kí lo pọ́n lórí ẹ̀rọ mi?"

Onígbàjámọ̀ wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó pọn ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì mú dígí awò kan dání tí etí rẹ̀ ti kán wẹ́wẹ́ bí ohun tí eku jẹ.

"Àlùmọ́gàjí mi ni," ó dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìgbà tí o ṣì wà nílé pẹ̀lú ọmọ, ó kújú, kò gé irun mọ́. Mo ní ohun tó ń gé dígí ò ní kọ irin."

"Àlùmọ́gàjí! Lórí dáyámọ́ǹdì! O ò kúkú fi pọ́n eyín ẹ náà!"

Awò ojú ni obìnrin náà ń ṣe. Wíìlì kékeré kan ló fi ń gé etí dígí kó lè wọnú férémù, irin róbótó tí wọ́n po eruku dáyámọ́ǹdì mọ́ etí rẹ̀. Dígí ni wíìlì náà mọ̀ ọ́n jẹ. Irin àlùmọ́gàjí ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ti dá kòtò sí i, kò yípo geere mọ́. Bí dígí bá ti kàn án, á gbá a dànù.

Bàbá obìnrin náà sì ló ni dígí ọ̀hún. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ló fà á lọ́wọ́ wá láàárọ̀, torí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an ni awò rẹ̀ fọ́, kò sì tíì rí ojú ọmọ náà rí. Wọ́n ṣáà sọ fún un pé imú rẹ̀ lọmọ gbé wáyé, iwájú orí rẹ̀ sì ni. Bàbá ti fi ìyẹn yangàn dé òpin àdúgbò. Dígí tó nípọn tó tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mẹ́ta ló dé, ọ̀kan ti bàjẹ́ yìí, ó ku méjì fún ojú méjì. Bí òmíràn bá tún kán, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.

"Ẹ má jà," Bàbá wí. "Wíìlì kẹ̀kẹ́ tó wọ́ tí mo ti mú tọ́ ò lóǹkà."

"Bàámi, kẹ̀kẹ́ kọ́ lèyí. Kí ló le ju dáyámọ́ǹdì lọ tá a máa fi fá a?"

"Kí ló di dáyámọ́ǹdì ọ̀hún mú?"

Ọmọ rẹ̀ fi ìka kan etí wíìlì náà. "Irin ni. Irin tó rọ̀."

"Irin náà la máa fá nígbà náà. Òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ á fá a. Àbí kò sí onígbàjámọ̀ níbí ni?"

Onígbàjámọ̀ sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó kó àpò irinṣẹ́ Bàbá dé, pẹ̀lú òkúta ìpọ́nbẹ róbótó kan tó ní ihò láàárín. Bàbá ki àárín wíìlì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan bọ inú ihò òkúta náà kó lè máa yí, ó dì í mọ́ pákó, ó ń fi ìka wá ojú nọ́ọ̀tì.

"Sípánà mẹ́tàlá."

"Òun rèé, Bàbá."

"Mẹ́rìnlá lo gbé fún mi yìí. Èmi ni mi ò ríran, àbí ìwọ?"

Wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n sún òkúta kan wíìlì dáyámọ́ǹdì. Òkúta ń yí, wíìlì ń yí, kò sí ohun tó ń ha. Ọkàn obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì.

Bàbá dẹ etí. "Eré ni wọ́n jọ ń sá. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sáré lọ ò lè fá yín lórí. Ẹ bá mi wá bíréèkì."

Ó so rọ́bà bíréèkì kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta, ó fún un díẹ̀díẹ̀. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ tìkọ̀, wíìlì ń ha á lára, òun náà ń jẹ irin wíìlì, omi ẹ̀rọ tó ti dà bí eérú ń ṣàn sínú abọ́. Ariwo kọ́-kọ́-kọ́ ń lọ sílẹ̀, títí ó fi di hùùù kan ṣoṣo.

Bàbá gbé ìka sókè. "Ó ti tọ́."

Obìnrin náà gbé dígí sí i. Ó gé e tán, ó gbé e sójú fèrèsé. Etí rẹ̀ mọ́ fínnífínní! Ó gé èkejì, kò kán. Ó hó yèè, ó fi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jó yí tábìlì ká. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó.

Ó ki dígí méjèèjì bọ férémù, Bàbá sì fi awò sójú. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pákó wíwọ́, nọ́ọ̀tì oríṣiríṣi àti bíréèkì tí wọ́n fi àkísà so.

"Ta ló ṣe radaràda yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá," ni onígbàjámọ̀ wí, ẹ̀rín sì pa wọ́n.

Obìnrin náà tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbá wo imú ọmọ, ó wo ti onígbàjámọ̀, ó tún wo ti ọmọ.

"Ẹ ti parọ́ fún mi. Imú mi kọ́ rèé. Onígbàjámọ̀ pátápátá ni!"

"Bàámi, ẹ má bínú. A kàn fẹ́ kí inú yín dùn ni."

"Bínú kẹ̀?" Omi ń bọ́ lábẹ́ awò tuntun náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Àna mi, o ba wíìlì jẹ́ o, ṣùgbọ́n o mọ ọmọ bí."

Ó dìde, ó gbé ọmọ lé èjìká.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Àdúgbò tí mo ti yangàn fún. Mo fẹ́ lọ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe."

Ó jáde sí títì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin na ọwọ́ láti fà á lọ́wọ́, ó sì rántí pé ó ti ń ríran, ó ká ọwọ́ padà.